Nabil, Wọ́n Ní O Kì Í Ṣe Òṣìṣẹ́

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí o gbé bàtà iṣẹ́ rẹ, tí o wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino lọ sí Padova, tí o kò sì padà wọlé mọ́. Ọdún márùn-ún, Nabil! Omijé ti gbẹ lójú wa, ìbínú ni kò gbẹ.

Ta ni kò mọ̀ ọ́ láàárín àwa àlejò ilẹ̀ yìí? Ọmọ Íjíbítì tó fi èdè Lárúbáwá àti ti Ítálì kọrin fún àwọn tó ń ká èso àjàrà ní Asti, àti àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté Genova. Nígbà tí rédíò gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ sáfẹ́fẹ́, àwọn ọlọ́gbà àjàrà ní kò gbọdọ̀ dún nínú oko àwọn. O kàn rẹ́rìn-ín ni. O ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti bá wọn nìyẹn."

Ṣùgbọ́n orin nìkan kò bọ́ ilé. Òpin ọ̀sẹ̀ lo fi ń kọrin. Ọjọ́ yòókù, orí pákó tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé lo wà. Pákó tó ti jẹrà ló ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ní Padova, tí o já bọ́.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà dé kóòtù, ó ní òun kò gbà ọ́ síṣẹ́ rí, pé ṣe lo wá wo àwọn òṣìṣẹ́ kí o lè fi wọ́n kọrin. Lọ́yà rẹ̀ na fọ́tò ìwọ àti gìtá rẹ sókè: "Cantante ni! Olórin ni!" Háà! Orin tí o fi gbèjà òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Babáwálé tí ẹ jọ wà lórí pákó, tó ń jẹun nílé rẹ, ní òun kò rí nǹkan kan. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Níta, ó bẹ Ẹ̀rínọlá ìyàwó rẹ: "Sísítà, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ mi?"

Ẹ̀rínọlá wò ó títí. "Ẹni tó máa bọ́ tèmi náà ni kó bá ọ bọ́ wọn."

A pàdánù ẹjọ́ náà. Àwọn arúgbó ni Ẹ̀rínọlá ń wẹ̀, tó ń gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ilé má baà tú. Damaris ọmọ rẹ ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Yorùbá la fi ń pè é, Ítálì ló fi ń dáhùn. Agídí rẹ ló jogún!

Lọ́dún yìí, àwọn tí kò wá síbi ìsìnkú rẹ ṣe ayẹyẹ ní Padova, wọ́n fi orúkọ rẹ pè é. Wọ́n fún Ẹ̀rínọlá ní àwo ìrántí: "Fún Nabil, olórin."

Ó bi wọ́n pé, "Òṣìṣẹ́ ńkọ́?"

"Signora, ọjọ́ ayẹyẹ lèyí."

Ó gbé àwo náà padà sórí tábìlì. Damaris sì gba makirofóònù, ó ní, "Ibi iṣẹ́ ni bàbá mi kú sí." Wọ́n sáré tan ẹ̀rọ orin. Nabil, orin tìrẹ gan-an ni wọ́n fi bo ohùn ọmọ rẹ mọ́lẹ̀!

Òṣìṣẹ́ ni ọ́. Olórin ni ọ́. Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn wa. Sùn ire. A kò tíì dárí jì wọ́n.

Àwa ẹbí rẹ, Torino, 1998.