Àmù Ìyá Mi àti Ìkòkò Tí Mo Kàn ní Tọ́kì

Sábọ́n-Gàrí, Zaria,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Fàtíù ọmọ mi, Àlàó ọkọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Mujeebat ìyàwó mi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé tí ẹ ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni ń ra ilẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ ní Èkó, ibi tí ẹ bá yà sí, oore ni yóò máa pàdé yín níbẹ̀. Bí o bá béèrè èmi, ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tí ó ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òun náà sì ti rọlẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti Tọ́kì dé. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo ti dé! Èmi Hàwáù, ọmọ amọ̀kòkò Ìlọrin, mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìlú òyìnbó, mo sì kó méjèèjì padà wá sílé.

Àbúrò rẹ Asiyah ní kí n sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, mo ní rárá, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn báyìí ni wàá sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dáa, ohùn rẹ yóò sì lọ. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì tí yóò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí sì wúwo. Ọ̀rọ̀ àmù ìyá mi ni, àmù omi tó wà lẹ́yìn ilé, tí o ní kí Sànní bíríkìlà gbé kúrò níbẹ̀ kí ó lè ráyè tẹ́ táìsì, kí ó sì gbé táǹkì dúdú rẹ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti dá ọ lóhùn pé tóò kí n tó rin ìrìn àjò. Tóò náà ni mo wá gbà padà. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí dópin kí o tó fajú ro.

Ìgbà tí Asiyah kọ́kọ́ ní òun fẹ́ mú mi lọ sinmi ní Tọ́kì nítorí pé yunifásítì ti fún wọn ní ọlidé, mo ní ta ló ń lọ sinmi níbi tó jìnnà tó báyẹn, ṣé ibùsùn mi nílé ti kún ni? Ṣùgbọ́n ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Àbújá, níbi tí a ti fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ti báàgì mi bọ inú ẹ̀rọ kan tí ó ń wo inú ohun gbogbo. Mo rí kúlíkúlí mi nínú tẹlifíṣọ̀n wọn, ó hàn kedere. Mo wá bẹ ọkùnrin tó jókòó tì í pé kí ó dákun, kí ó bá mi ti orúnkún mi náà bọ̀ ọ́, kí a lè mọ ohun tó ń dún níbẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù ti wọ́n jù. Ó ní kí Màmá máa kọjá lọ. Nígbà tí mo máa wo iwájú, Asiyah ti ń sáré lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ní kí n di bẹ́líìtì, mo ní mo ti di ìró mi dáadáa láti ilé, wọn kò gbà.

Ní ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ ni ó mú mi lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, àwọn ohun tí wọ́n hú nínú ilẹ̀. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nínú takisí, ṣùgbọ́n òkun ni mo ń wò nígbà náà, n kò gbọ́. A sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní nǹkan kan bíi fóònù, wọ́n ní kí n gbé e sétí. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ṣáà ń sọ lọ. Mo ní ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé nìyí. Mo gbé e sínú báàgì mi kí ó lọ máa bá kúlíkúlí sọ̀rọ̀.

Inú ibẹ̀ tutù, ó mọ́ tónítóní, àwọn ènìyàn ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kírun. Asiyah fẹ́ lọ tọ̀, ó ní kí n dúró sójú kan. Wàllàhì, Fàtíù, níbi tí mo dúró sí, ìkòkò ni! Ìkòkò ọbẹ̀, orù, ìṣaasùn, àwo, wọ́n tò ó lọ bẹẹrẹ, ìwé pélébé kan sì wà lẹ́sẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo ní àṣé ọjà ìkòkò ni ọmọ yìí mú mi wá! Àmù ńlá kan dá dúró láàárín, okùn pupa kan ni wọ́n fi yí i ká. Mo wo ìwé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ní haba, àmù tí kò ní ọmọrí! Ẹgbẹ̀rún méjì ni n óò san.

O mọ̀ pé ọmọ tí ìyá mi bí kì í ra ìkòkò láìkàn án. Bí ó bá dún gooro, ó jinná. Bí ó bá dún pọ̀, ó ti sán. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn wọn, mo dẹ etí sí i, mo fi oríkèé ìka kàn án, kó, kó, kó.

Yéè! Gbogbo ilé han gooooro! Mo rò pé ìkòkò náà ló ń dáhùn. Mo ní ìkòkò tó jinná báyìí, kí wọ́n kúkú gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wọn. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan sáré dé, wọ́n yí mi ká, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí wọ́n má jà, pé oníbàárà ẹyọ kan ni mí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni n óò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Asiyah bá wa. Ọmọ tó ń kọ́ ọmọ aráyé ní yunifásítì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu oníṣu. Ó yíjú sí mi, ó ní ọjà kọ́, aago olè wọn ló dún, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn kì í ṣe owó, ọdún ni. Ìkòkò náà ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta láyé. Fàtíù, mo jókòó sílẹ̀.

Ọ̀gá wọn dé, bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun. Ó ní kí Asiyah bi mí ìdí tí mo fi kan ohun ìṣúra wọn. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sán ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i lójú òun. Mo kan apá ọ̀tún, gooro. Mo kan apá òsì, pọ̀. Mo ní kí Asiyah sọ fún un pé ó ti fọ́ níhìn-ín rí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n wá kùn ún. Ẹnu ya bàbá náà! Ó ní òun fúnra òun ló lẹ̀ ẹ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹni tó mọ̀ rí. Ló bá ní kí n fi bí a ṣe ń mọ ọ́n hàn wọ́n. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi hàn wọ́n bí ìyá mi ṣe máa ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po tí yóò sì máa fà á sókè, àti bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi èèpo irúgbá, èso tí a fi ń ṣe irú, sí i lára nígbà tó bá ti iná jáde, kí ó lè dán. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Orúnkún mi kò dún rárá.

Bàbá náà wá mú mi lọ síbi gíláàsì kan. Ìṣaasùn kékeré kan wà níbẹ̀, iná ń tàn sí i, ìka ọmọdé márààrún sì wà lára rẹ̀. Ọmọ kan ló fọwọ́ tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ó ní àwọn kò mọ orúkọ ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n láé, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé náà, ohun tí òun fẹ́ràn jù nìyẹn. Ẹkún gbọ̀n mí. Èmi mọ ọmọ tó ṣe irú rẹ̀, mo mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ ni.

O kò lè rántí. O pé ọmọ ọdún méjì, mo gbé ọ lọ kí ìyá mi ní Ìlọrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àmù kan tán, ó gbé e síbi òjìji kí ó gbẹ, o sáré lọ, o fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ gbàgà. Mo fẹ́ nà ọ́, ìyá mi ní n kò tó bẹ́ẹ̀. Kò pa ojú ibẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sun ún, ó ní kí n gbé e lọ sí Zaria, pé bí ọmọ yìí bá dàgbà tí kò bá mọ ọ̀nà ilé mọ́, kí n fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Apá ibẹ̀ ni a kọjú rẹ̀ sí ògiri láti ọjọ́ yìí, èmi pàápàá ti gbàgbé.

Mo gba fóònù Asiyah lójú ẹsẹ̀, mo pe Sànní. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti gbé e kúrò, òun ti gbé e fún Màlámù Sàlíhù ní àdúgbò Danmagaji kí àwọn àgbò rẹ̀ máa fi mumi. Gbogbo oúnjẹ aládùn tí mo jẹ ní Tọ́kì lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹni jẹ ìwé ni.

Ọjọ́ tí a dé, n kò tíì wọlé, Danmagaji ni mo yà sí pẹ̀lú báàgì mi. Kí ni mo bá? Àgbò kan ti ki orí bọ àmù, ìwo rẹ̀ há, ó ń fi àmù ọmọ mi jó kiri àgbàlá, Sàlíhù sì ti gbé ọmọ odó sókè láti fọ́ ọ. Mo ké, kai! Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé òróró wá, mo da òróró sí ìwo àgbò náà, a rọra yí i, a fà á, ó yọ jáde, ó sín. Mo wẹ àmù, mo yí i padà, ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, ìka márààrún. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́, mo fi gèlè mi wé e, oníkẹ̀kẹ́ sì gba owó èrò méjì lọ́wọ́ mi, mo san án tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó ti wà ní pálọ̀ báyìí, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà ní kíṣìnnì, ó ń gbádùn. Mo fi okùn ìsáṣọ yí àmù ká, mo gbé àtùpà alágbára oòrùn sí i, mo sì kọ ìwé sí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá Kelvin tó ń gbé ojúkojú wa ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí àwọn ará Tọ́kì.

Nítorí náà, bá mi fi owó gíláàsì ránṣẹ́, kí ó jẹ́ èyí tó nípọn, àti owó àga kan tí n óò máa jókòó sí ṣọ́ ọ. Fi owó kún un fún Sànní kí ó gbé táǹkì sí apá kejì, n kò bá omi jà. Owó ọkọ̀ nìkan ni n kò fẹ́ kí o fi ránṣẹ́. Ìyẹn, mú un dání, kí o fi wọ ọkọ̀. Àwọn ará Tọ́kì kò mọ ẹni tó ni ọwọ́ tiwọn. Èmi mọ ẹni tó ni tèmi, Èkó ló wà, ó sì di ọdún mẹ́ta tí kò ti tẹ ilé. Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé ẹsẹ̀ àmù náà: àfi ẹni tó ni ọwọ́.

Ọlọ́run yóò máa fi oore sí ọwọ́ náà. Kò ní ṣòfò, kò ní rọ, ohun tí o bá fi tẹ̀, yóò dúró lẹ́yìn rẹ bí ti àmù yìí. Kí Mujeebat fún mi, kí o sì mú ọmọ yín kékeré Abdulmutalib dání. Ó ti pé ọdún méjì, èmi kò tíì fojú kàn án rí.

Mo ti po amọ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáù.