Ta Ló Bu Májèlé Sí Tíì Náà?

Irolu,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Hàmdálátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, mo kí ọ káalẹ́, nítorí n kò mọ èyí tó o máa wà nínú rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé Yábàá. Ara mi le, àfi orúnkún òsì yìí tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ohun tí mo kà nínú ìwé, kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú ayé. Ṣe àmín kíákíá kó o tó ka ìlà tó kàn.

Ilé dára. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ bàbá àgbà rẹ. Obì wọ́n ní ọjà Mákún débi pé àwọn oníbàárà ń fi ojú rà á, wọn ò fi owó rà á mọ́. Báǹkì sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé àwọn kí mi kú ọjọ́ ìbí. Hàmdálátù, èmi tí wọ́n bí gan-an kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìyá mi kàn sọ pé ọdún tí eṣú jẹ oko ni. Ta ló sọ fún báǹkì? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ ìbí mi ṣe? Mo ti pa fóònù náà, mo tì í sábẹ́ agbọ̀n obì títí tí n óò fi mọ ohun tí wọ́n ń wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ lẹ́tà lò ń rí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni ti àwọn ìwé ìtàn mẹ́ta tó o gbàgbé sínú àpò nígbà tó o wá ṣe Iléyá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, n kì í rí ohun kíkà kí n fi í sílẹ̀, àní mo máa ń ka ara páálí ọṣẹ. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú mi sì là débi pé mo jókòó sí Irolu, mo ń rí ohun tí wọ́n ń sè l'Ékòó. Àwọn ìwé náà kì í sì í ṣe tìrẹ. Orúkọ Olúwatìmílẹ́hìn ló wà níwájú wọn, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó o ní ó fẹ́ fẹ́ ọ, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dọ̀ wa ní Sátidé. Bàbá rẹ kò sí mọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ níwájú ẹbí pé mo gbà tàbí n kò gbà. Bẹ́ẹ̀ a kì í ra obì nítorí pé awọ rẹ̀ ń dán, ihò kòkòrò là ń wá. Mo wá ihò kòkòrò ọmọkùnrin yẹn nínú ìwé tirẹ̀.

Èkíní jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó gba inú kànga wọ ìlú kan lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí òkúta ti ń sọ̀rọ̀, tí ejò abìyẹ́ sì ń tu iná. Ó dùn, n kò ní purọ́, ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lórí ààrò. Ṣùgbọ́n ó fu mí lára. Ogun ọdún méje ni wọ́n jà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ra iyọ̀. Kò sẹ́ni tó gbin ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó gbé omi kaná, ejò náà sì jó oko gbogbo ìlú láìsí ẹni tó bi í pé ta ni yóò san án. Irú àwọn wo nìyẹn? Nígbà tí ọmọ náà wà lábẹ́ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ ń pè é, kò gbọ́. Ìyẹn ló rán mi létí obìnrin inú fóònù tó máa ń sọ fún mi pé ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Obìnrin kan náà, ohùn kan náà, kì í rẹ̀ ẹ́. Hàmdálátù, ibo lò ń lọ? Bí kànga bá wà nílé tó o gbà sí, ní kí wọ́n bò ó.

Ìkejì jẹ́ ti ìfẹ́. Nọ́ọ̀sì kan bí ìwọ náà pàdé awakọ̀ kan nínú òjò, wọ́n sì fi ìdajì ìwé wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ọmọ ta ni, kò sẹ́ni tó lọ wádìí ilé wọn bóyá wọ́n ń ya wèrè níbẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ nínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́, bíi pé wọ́n ti ṣí òrùlé ilé tirẹ̀ lọ. Mo sunkún níbẹ̀, ìyẹn kò kàn ọ́. Ẹ̀yìn èyí ni àṣírí tú pé kì í ṣe awakọ̀ rárá, òun ló ni gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn nílùú náà. Mo pa ìwé dé, mo mí kanlẹ̀. Ìwọ náà sọ fún mi pé olùkọ́ ìṣirò ni Tìmílẹ́hìn. Kí ló ń ṣírò?

Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọkùnrin méjì ń fẹ́ ọmọbìnrin kan. Wọ́n gbé tíì fún ọ̀kan nínú pálọ̀ àna rẹ̀, ó mu ún, ó kú. Èkejì, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ ẹ ṣeun ẹ kú iṣẹ́, òun ló dìde tó lọ fọ ife náà kí ọlọ́pàá tó dé. Láti ìgbà tó ti fọ ife ni mo ti mú un. Bẹ́ẹ̀ ìwọ fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé Tìmílẹ́hìn máa ń fọ abọ́! O ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ò ń sọ ọ́! Ó tún fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti sọ pé kò sẹ́ni tó ń fura sí tíì. Mo rántí Yúnúsà, ọmọ oníṣòwò obì ní Ṣàgámù tó ń wá ọ tẹ́lẹ̀ tó dédé ṣíwọ́, mo ránṣẹ́ lọ wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè. Ó wà láàyè. Ó ti fẹ́ ìyàwó, ó sì ti sanra.

Ìṣòro tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé n kò mọ bí ìwé náà ṣe parí. Mo ti sọ ìtàn náà fún Àtinúkẹ́ alákàrà débi pé ó ní kí n yá òun. Mo yá a, ojú ewé díẹ̀ ló kù fún mi. Ó rò pé mo ti kà á tán, bébà sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló bá ya àwọn ojú ewé ẹ̀yìn ìwé, ó fi pọ́n àkàrà fún gbogbo àdúgbò. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bi àwọn ènìyàn pé kí ni wọ́n fi jẹun àárọ̀. Ọwọ́ Hàrúnà ọlọ́kadà ni mo ti rí ọ̀kan, ohun tó ṣeé kà nínú rẹ̀ kò ju pé ẹni tó pa á ni, epo sì ti mu ìyókù. Gbogbo Irolu ti jẹ orúkọ apànìyàn náà mọ́ àkàrà.

Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, tí Tìmílẹ́hìn tó o fi oògùn orúnkún mi rán bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé àwọn apànìyàn náà mọ ìdọ̀bálẹ̀. Mo ní kó jókòó, mo po tíì, mo da ṣúgà sí i bí ẹni tó ń da iyanrìn sílé, mo gbé e síwájú rẹ̀. O mọ àṣà wa pé ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àlejò, òun ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, n kò tọ́ ọ wò. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹni tó bá mọ ohun tí tíì lè ṣe, kò ní lè mu ti ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ máa tú.

Ó wo tíì, ó wò mí, ó ní Màmá ẹ kú iṣẹ́, ó gbóná díẹ̀. Mo ní kó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, kò mu ún. Mo bi í bóyá kò ní ṣúgà ni. Ó ní ó ní ṣúgà. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ nígbà tí kò tíì tọ́ ọ wò. Òógùn bò ó. Eṣinṣin kan wá bà sétí ife, àwa méjèèjì ń wo eṣinṣin náà bóyá yóò kú. Ó fò lọ. Tíì tutù bí omi ìdí ìkòkò. Ọmọ yìí wá dìde, ó ní Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ife.

Hàmdálátù, igbe tí mo ké, àwọn tó ń ta nǹkan jíjẹ ní Ṣàgámù Interchange á ti gbé agbọ̀n wọn sá. Àtinúkẹ́ já wọlé tòun ti ṣíbí àkàrà lọ́wọ́, ó bi mí pé ṣé òun nìyẹn, ṣé afọfe nìyẹn. Mo ní òun ni. Mo na ìwé sí ọmọkùnrin náà lójú, mo ní kó sọ ẹni tó pa ọkùnrin inú rẹ̀, kó sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ṣí i, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí òun sọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́. Ó wá fi ohùn tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ sọ pé ìyá ìyàwó ni.

Mo wo tíì. Àtinúkẹ́ wò mí. Àtinúkẹ́ tí a ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ó sún sẹ́yìn!

Tìmílẹ́hìn ní inú òun ń dùn bọ̀ láti Yábàá, àfi ìgbà tí mo gbé ife kalẹ̀ tí n kò tọ́ ọ wò. Ó ní ìyá òun, olùkọ́ ni ní Ìkẹ́nnẹ́, kọ́ àwọn láti kékeré pé ohun tí onílé kò bá tọ́ wò, àlejò kì í mu ún. Ní ti ìlà pẹ́ńsù, ó ní ibi tí òun bá ti rò pé òun ti mú apànìyàn lòun máa ń fà á sí. Mo la ẹnu láti sọ pé tíì lásán ni, ọmọ yìí kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé nítorí Hàmdálátù ni, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó di ojú, ó pe Jésù, ó da ife náà sọ́nà ọ̀fun tán. Ó jókòó, ó di àga mú, ó ń dúró de ikú.

Ikú kò dé. Nígbà tó pẹ́, ó la ojú kan, ó ní Màmá, ṣúgà yín mà pọ̀ o.

Mo po òmíràn, mo tọ́ ọ wò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a jọ mu ún. Ó fọ ife náà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mo ń ṣọ́ ọ.

Nítorí náà kí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ máa bọ̀ ní Sátidé. Mo mọ̀ pé àwọn àbúrò bàbá rẹ yóò pariwo pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ohun kan ni n óò bi wọ́n: nínú gbogbo wọn, ta ló tíì mu ohun tó gbà pé májèlé ni nítorí ọmọ mi? N óò tọ́ gbogbo nǹkan wò níwájú àlejò, omi, málítì, àní ìgò òróró, títí ikùn mi yóò fi wú. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé kí òun náà tọ́ tirẹ̀ wò, torí n kò tíì ka ìwé tó sọ ohun tí ìyá ọkọ máa ń ṣe, mo sì ń fura.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra awò ojú tuntun, epo àkàrà ti ba ojú mi jẹ́. Má gba báǹkì fi ránṣẹ́, wọ́n ti mọ ọjọ́ ìbí mi. Fi ìwé mìíràn sí i, kí ẹ̀yìn rẹ̀ pé.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀nà tó tẹ́jú síwájú rẹ. Ẹni tí yóò bá ọ jẹ, tí yóò bá ọ mu, tí kò ní sá fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ife bá korò, Ọlọ́run ti fi hàn mí, kí Ó dá a sí fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò pa ẹnikẹ́ni,
Wúlẹ̀mọ̀tù.