Ẹni Tó Wó Ààrò Búrẹ́dì

Láti Ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀rọ̀ Iná àti Búrẹ́dì, Àkúrẹ́.

Bàbá tó ti lọ sinmi,

Ìjọba gbọ́ pé ààrò búrẹ́dì tí ẹ fọwọ́ ara yín mọ sẹ́yìnkùlé ní Ìdànrè ti wó. Ìjọba bá yín kẹ́dùn. A ó yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí rẹ̀, a ó sì…

Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo rò pé tí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá wá, ẹ ó tètè kà á. Kò sí kọmíṣọ́nnà kankan. Ṣùgbọ́n ààrò wó lóòótọ́.

Inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sán, níbi tí iná ti máa ń lá a jù. Màámi ní kí n lọ wa amọ̀ ọ̀gán lọ́nà Atosin, níbi tí ẹ ti máa ń wà á, torí iná kì í là á. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú. Etí odò ni mo ti wa amọ̀ tèmi, mo wá ń sín ìrìn hẹ́dímásítà jẹ fáwọn ọmọ tó ń pọnmi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Nígbà tí mo ń rẹ́ inú ààrò, mo ṣe bíi tiyín. Mo lóṣòó, mo wúkọ́, mo fi ìka kan ògiri rẹ̀, mo dẹtí sí i. Màámi rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Èmi ló ń wò. Kò wo amọ̀.

Ní Sátidé, àjà ààrò já lu búrẹ́dì mọ́lẹ̀.

Màámi ní ọ̀tá ni. Ó wọ aṣọ funfun, ó bọ́ bàtà, ó ń lu agogo yí ààrò ká. Ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀ rẹ̀ rèé, ètè rẹ̀ ti bó. Ìyá Dúpẹ́ tó ń bá wa po fúláwà láti ìgbà ayé yín ló fura sí. Ó lé e. Ìyá Dúpẹ́ ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn ní, “Èmi tí mo pọn ọmọ yìí, kí n wá wó ohun tó ń bọ́ ọ?”

Mo sọ fún Màámi lánàá pé èmi ni. Ó ní, “Lọ ṣeré ẹ níta. O ò rí i pé mo ń gbààwẹ̀ ni?” Irọ́ mélòó ni mo ti pa fún un tó gbà? Òótọ́ ẹyọ kan yìí ni kò gbà.

Ohùn yín wà lọ́fun mi, Bàbá. Tí mo bá wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, tí mo pè é lórúkọ tí ẹ̀yin nìkan ń pè é, gbogbo ohun tí mo bá wí ló máa gbà. Ṣé kí n ṣe é? Tó bá ṣí fèrèsé tó rí i pé èmi ni ńkọ́? Tí kò bá ṣí i, tó wá ń dúró dè yín lójoojúmọ́ ńkọ́?

Mi ò ní ṣe é. Ilé Ìyá Dúpẹ́ ni mò ń lọ báyìí. Òun ni mo máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, kó mú mi dání lọ bá Màámi. Ohùn ara mi ni mo máa fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, torí mi ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Èmi tó fẹ́ràn yín ni, ọmọ yín obìnrin, aláìgbọràn.
Èmi ni mo wó o.