Ìlò Ti Ara Ẹni Nìkan

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má sọ fún ọ pé òun ti jókòó lé awò ojú òun.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé bí ó bá ti rú mi lójú, láti ìlú ńlá lọ́hùn-ún lo ti máa ń wọ inú rẹ̀, tí ọfà kékeré ojú rẹ̀ yẹn á máa rìn kiri fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń kí ọ káàbọ̀, mo sì máa ń gbé àpótí síwájú rẹ̀ kí o lè fìdí lélẹ̀. Àfi lọ́jọ́ Ajé tí o wọlé wá tún àwòrán báàjì aṣọ ilé-ìwé ṣe, tí ìkìlọ̀ kan yọ lójijì, tó lé ọ jáde, a ò tiẹ̀ dágbére. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló bá mi kà á. Ó ní àwọn tó ni irinṣẹ́ tí o fi ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn fura pé à ń fi í ṣòwò, bẹ́ẹ̀ ìlò ti ara ẹni nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún. Ta ló lọ tú àṣírí mi? Aránfìlà ọ̀ọ́kán ni mo fura sí. Mo sọ òtítọ́ fún kọ̀ǹpútà náà, mo ní lóòótọ́ ni mò ń gbowó aṣọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

O ní ká ra láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ láti fi irinṣẹ́ náà ṣòwò. Ẹni tó ń wakọ̀ ní í gba láísẹ́ǹsì, ìwọ lò ń wà á, èmi kàn jókòó tì ọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, n ò rí ẹ̀bi wọn. Ìlò ti ara ẹni: kí o gbé ara rẹ wá ni wọ́n ń wí. Ọdún kẹta rèé tí ọfà rẹ ti ń wálé tí ìwọ ò wá, bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

Má ra láísẹ́ǹsì o. Fi owó rẹ̀ wọkọ̀, kí o fi èyí tó bá kù ra awò ojú fún bàbá rẹ àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fún mi. Ogójì aṣọ ló wà nílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sì ní bí báàjì ò bá pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aránfìlà lòun á gbé iṣẹ́ fún.

Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní rìn níjọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àpótí rẹ ṣì wà níwájú kọ̀ǹpútà, n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ aránṣọ.