Ọ̀rọ̀ Tí Ìwé Ìfẹ́ Náà Fò

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, lódìkejì ààlà, bí egungun ẹ̀yìn mi tilẹ̀ ń ráhùn. Mo kí Àbẹ̀ní àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sáré bí ẹni tí òjò ń lé.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ilé àwọn àna mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, n kò rí èsì kankan. Mo ní bóyá tí gbogbo ìlú bá kà á, ẹnìkan yóò kà á sí wọn létí.

Ọyẹ́ ti dé. Eruku kò jẹ́ ká rí àwọn òkè àpáta ẹ̀yìn ilé mọ́, ètè gbogbo wa sì ti là. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, oko kajú kékeré kan ni mò ń rìn yí ká, àwọn igi náà kì í sì í dá mi lóhùn bí àwọn ọmọ kíláàsì. Kamaráàdì, bí a ti ń pe òṣìṣẹ́ ìjọba níbí, tó jókòó ní pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, kì í gba lẹ́tà lọ́wọ́ ènìyàn àfi tí a bá kọ́kọ́ wí pé a ti múra tán fún ìyípadà. Mo ní mo ti múra tán. Mo ti dàgbà jù láti bi í pé ìyípadà sí kí ni.

Àṣàkẹ́ aya mi kò dìde nílẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un ní ohunkóhun tó bá ti wù ú. Olùkọ́ ni mí, ìyá mi. Mo mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn.

Ohun tó wù ú ni ìwé ìfẹ́ tí Àbẹ̀ní fi ránṣẹ́, èyí tó ní gbogbo ọ̀dọ́ ilé ń kà. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ bá olólùfẹ́ rẹ̀ sá lọ nítorí pé bàbá rẹ̀ kọ̀, gẹ́gẹ́ bí Àṣàkẹ́ ti bá mi sá wá síbí. Láràárọ̀, tó bá ti mu ẹ̀kọ tán, mo máa ń kà á fún un.

Òǹkọ̀wé náà mọ̀wé, ó sì fẹ́ ká mọ̀ pé òun mọ̀wé. Odidi orí kan ló fi ṣàpèjúwe mọ́tò ọkùnrin náà, títí dé orí taya. Ojú ọmọbìnrin náà ni òṣùpá, òun ni ìràwọ̀, òun náà ni iná mànàmáná. Mo ní kí wọ́n rọra, kó má baà jó ilé. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi mọ́tò sílẹ̀, kí n lọ síbi tí wọ́n ti padà sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ ní kí n gbé òun jókòó. Mo kà á pé ìyá rẹ̀ sì súre fún un. Ohun tó tẹ̀lé e ni aṣọ ìgbéyàwó. Ó bi mí pé kí ni ìyá náà wí. Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní kí n wò ó dáadáa, bóyá ojúewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Mo wò ó. Kò lẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ ni yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, tí yóò wí ohun tó ní láti wí fún un. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé Àṣàkẹ́ lórí. Nígbà tí ọmọbìnrin wa ń lọ sílé ọkọ ní Kábúà, ó kúnlẹ̀, Àṣàkẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àwọn èrò ní ẹkún ló gbà á lẹ́nu. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ohun tí wọ́n máa ń wí ni.

Nítorí náà, mo ṣe ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Mo ṣí ìwé padà, mo ṣe bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, mo sì ń súre láti inú ara mi. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ní olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ìyá tí í to ọ̀rọ̀ báyẹn. Ó ní kí n pa ìwé dé. Láti ọjọ́ náà ló ti kọjú sí ògiri. Kò béèrè ohunkóhun mọ́.

Mo bínú sí òǹkọ̀wé náà, àbínújù. Ó rí ààyè fún taya, kò rí ìlà kan fún ẹnu ìyá. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mú ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé. Èmi ni.

Ẹ dákun, ìyá mi, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá Àṣàkẹ́. Bàbá rẹ̀ ti gbé ìbínú tiwọn lọ sọ́run, ìyá nìkan ló kù. Ẹ ní kí wọ́n wí ohun tí wọn ì bá wí fún ọmọ wọn lọ́jọ́ náà, kí Àbẹ̀ní kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ó lè má bá a láyé. Kí n má purọ́ fún yín, n kò retí pé yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi ni wọ́n máa súre fún. Ìbínú tí wọ́n ní sí mi, kí wọ́n mú un dání. Mo ṣì wà láyé láti gbà á.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹsẹ̀ má ro yín lójú ọ̀nà náà. Ẹ bá mi kí tàgbà tèwe inú agbo ilé, ẹ sì kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣì rántí orúkọ Àṣàkẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní, ní Ṣábẹ̀ẹ́.