Òkúta Bàbá Tozer àti Ìràwọ̀ Tí Kò Pamọ́

Ilé Rennick,
Ẹ̀bá Wedderburn,
Otago, Niu Silandi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 2019.

Dougal, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Mi ò sùn lẹ́yìn awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, mi ò mu ọtí, Bàbá Tozer kò sì lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ awòràwọ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ṣé rírẹ́ irun àgùntàn ní Ọsirélíà kò tíì tẹ̀ ẹ́? Ìyàwó àti ọmọ ńkọ́? Ara ìyá rẹ le. Mo bá wọn la igi ìdáná ní Sátidé. Òtútù ibí ò ṣe é sọ. Ó ti rẹ̀ mí, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

O rántí òkúta ojú ọ̀run tí Bàbá Tozer, tó ń darí ẹgbẹ́ wa, ti ń lé láti ìgbà tí a wà nílé ìwé abúlé, èyí tí kò ní orúkọ ju nọ́ńbà lọ. Àárín Máàsì àti Júpítà ló ń rìn. Ó dúdú bí èédú, ó sì ń pòòyì ní wákàtí méje-méje. Kò sí awò wa tó lè fi ìrísí rẹ̀ hàn, àfi tó bá kọjá níwájú ìràwọ̀ tó sì bò ó, tí òjìji rẹ̀ sì gba orí ilẹ̀ wa. Bàbá ṣírò pé yóò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ní alẹ́ Túsìdeè tó kọjá. A tò láti Naseby dé Patearoa, oníkálukú pẹ̀lú awò tirẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ṣe pẹ́ tó kó tó tún yọ lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ la ti ń mọ bí òkúta náà ṣe fẹ̀ tó.

Àárín gan-an ni wọ́n fi mí sí. Ìràwọ̀ pamọ́ lójú àwọn tó wà lápá ọ̀tún mi, ó pamọ́ lójú àwọn tó wà lápá òsì. Lójú tèmi, kò pamọ́.

Nígbà tí a péjọ sí gbọ̀ngàn láti mu ọbẹ̀ gbígbóná, Bàbá ka ohun tí kálukú kọ. Ó dé orí tèmi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ewan, ìràwọ̀ wo lo dojú awò kọ?"

"Èyí tí ẹ fi hàn mí ni."

"Àbí àgùntàn ló ń wò," ẹnì kan sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Tí tèmi bá jẹ́ òótọ́, òkúta náà kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, tí wọ́n jọ ń rìn pẹ̀lú àlàfo láàrin. Bẹ́ẹ̀ Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwòrán òkúta náà tán, ẹyọ kan tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ọ̀dùnkún, ojú Bàbá fúnra rẹ̀ sì ti ń fọ́ lọ. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó fẹ́ parí nìyẹn.

Àǹtí Glenys, tó máa ń se ọbẹ̀ náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kọ pé kùrukùru bò ó, ọmọ mi. Kùrukùru kì í bá ẹnikẹ́ni jà." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ bẹ́ẹ̀ tí tiwọn ò bá bá ti ẹgbẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà. Mo ní mi ò ní kọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó dúró tì mí. Ìyá mi, torí pé ìyá mi ni. Tama tó ń tún katakata ṣe, torí pé òun àti Glenys kì í rẹ́. Kò pẹ́ tí Tama náà fi ní bóyá awò mi ló bà jẹ́. Mo ṣíwọ́ kíkà.

Mo lè fi tèmi ránṣẹ́ sáwọn tó ń kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ nílùú ńlá. Mi ò ṣe é. Bàbá ló kọ́ mi níṣẹ́, mi ò ní gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é.

Lánàá ló dé, ó fara ti géètì wa.

"Mo yà á láìsí tìrẹ, ó dára. Mo yà á pẹ̀lú tìrẹ, ó pín sí méjì, ó burú."

Mo ṣí géètì fún un.

"Ṣé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ò tiẹ̀ dín kù díẹ̀?"

"Kò dín kù rárá, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Èyí tó burú ni mo fi ránṣẹ́."

Mo po tíì fún un. Ó ní ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni òkúta náà fi ń yí oòrùn ká, kò sì dájú pé òjìji rẹ̀ yóò tún gba ọ̀dọ̀ wa. Ó ní tó bá tún gba ibí, òun ò ní ríran mọ́ nígbà náà, kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò ní àárín. Mo ní mo gbọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbé ọmọ sókè fún mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ.

Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ewan Rennick.