Fèrè Odò Dutse: Ìrìn Àjò Alàgbà Nehemiah Àyàndá Adéjùwọ́n (1961–2025)

Ìlú Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a ti bí Alàgbà Nehemiah Àyàndá Adéjùwọ́n, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1961. Pa Ajíbọ́lá Adéjùwọ́n, àgbẹ̀ olóko kòkó, ni bàbá wọn. Màmá Ẹfúnróyè ni ìyá wọn. Bàbá wa Nehemiah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí odò gbé àbúrò wọn kan ṣoṣo lọ lójú wọn, bí àwọn méjèèjì ti ń ti oko bọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, ọkàn Bàbá kì í balẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe fíríìdọ̀mù ní 1981. Wọ́n gbé Ìyáàfin Lydia níyàwó ní 1989. Ní 1994, tọkọtaya kó wá sí Àbújá, Bàbá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Wuse. Ilẹ̀ tí wọ́n rí rà ní Dutse Alhaji ní 2006 kò jìnnà sí odò. Bàbá kọ́lé síbẹ̀ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Ní ọdún 2019, odò kún, ó gbé Sàídátù, aládùúgbò wọn, lọ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Bàbá kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n dìde, gálọ́ọ̀nù òfìfo, wáyà, bátìrì àti fèrè ọkọ̀ ni wọ́n gbé sílẹ̀. Bí omi bá ti gbé gálọ́ọ̀nù dé ìwọ̀n kan, fèrè á ké. Mẹ́sàn-án ni wọ́n so mọ́ òpó lẹ́bàá odò.

Ní 2023 ni òfin tuntun dé, èyí tí yóò sọ ìlú di ìlú ọlọ́gbọ́n, tí ẹ̀rọ yóò máa ṣọ́ ọ̀nà, iná àti omi. Òfin náà ní ẹ̀rọ tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wà lórí òpó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba já mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n kó wọn lọ. Bàbá wá ìwé àṣẹ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè gbà á. Ní gbogbo àsìkò òjò náà, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú, Bàbá á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sáré wálé wá dúró ti odò.

Arábìnrin Fèyí, òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ló wá rí i pé òfin kan náà fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ ká forúkọ yín gbà á kí òjò tó dé.” Ìwé àṣẹ náà jáde, Bàbá sì tún so fèrè mẹ́sàn-án mọ́ òpó.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ọdún 2024, fèrè ké ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ará ẹ̀bá odò sá jáde. Ilé méjì wó, ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn èèyàn ń jó, ṣùgbọ́n Bàbá ń yẹ bátìrì wò. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn pé, “Ó dún, Lydia. Bí kò bá dún ńkọ́?”

Ìtẹ́lọ́rùn Bàbá wà nínú ìjọ. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láìgba nǹkan kan. Àìsàn kíndìnrín ló dá wọn dúbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Gwagwalada, bátìrì àwọn fèrè náà ni wọ́n sì ń béèrè títí wọ́n fi sùn ní ọjọ́ keje oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ayọ̀, àkọ́bí wọn, mú ìwé àṣẹ náà lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n dá a lóhùn pé a kì í jogún irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹbí tú àwọn ẹ̀rọ náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ti kọ ìwé tuntun. Èsì kò tíì dé.

Bàbá fi ìyàwó wọn, Ìyáàfin Lydia, sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn: Ayọ̀, Jọmílójú àti Shalom, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Ọgbọ̀n ọjọ́ náà pé ní ọjọ́ Àìkú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ẹ̀bá odò wá bá ẹbí kẹ́dùn, bí òjò bá ṣú lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe retí ariwo fèrè kankan. Ẹ fi ojú ara yín ṣọ́ omi.

Àyàndá, ẹ sùn ire. Kí Olúwa tí í bá ìjì wí dúró ti àwọn tí ẹ fi sílẹ̀.